Ta Ni Yóò Bá Ọlọ́jà Ka Ìwé Owó Orí? Ìtàn Àwọn Agbaninímọ̀ràn Owó Orí Láti Ọdún 1940 Títí Di Òní

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé kọ ìtàn owó orí sínú ìwé àjọ̀dún wa lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì parí. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ṣé kí ẹgbẹ́ gba agbaninímọ̀ràn owó orí tiwa, kí a máa san owó iṣẹ́ rẹ̀ láti inú àpò ẹgbẹ́, àbí kí oníkálùkù máa bá tirẹ̀ yí? Nígbà tí a mú un wá sí ìpàdé, ìyá kan dìde, wọ́n ní, "Owó orí fúnra rẹ̀ ń dùn wá, ẹ tún ní ká sanwó fún ẹni tó máa sọ iye tá a máa san!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. A wá lọ wo bí àwọn tó ṣáájú wa lọ́jà ṣe ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Kí Òyìnbó tó dé, ọlọ́jà mọ ìṣákọ́lẹ̀, ó mọ owó oníbodè. Ẹni tó ń gbà á dúró níwájú ẹni tó ń san án, kò sí ìwé láàárín wọn. Owó orí tó ní fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó débẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá. Ní 1940, wọ́n ṣe òfin pé obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ san owó orí. Olórí àwọn obìnrin ọjà nígbà náà ni Madam Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja, olórí ọjà Ereko. Ìyá náà kò kàwé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìwé kò bà wọ́n. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1940, àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún kọrí sí ọ́fíìsì Kọmíṣánnà Èkó, wọ́n ní àwọn kò ní san án. Kò pẹ́ sí i tí ìjọba fi gbé ìlà náà sókè láti £50 sí £200. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé obìnrin tí owó rẹ̀ kò bá ju £200 lọ lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀. Ẹlẹ́ja mélòó ló ń rí £200 ní 1940?

Ẹni tó ń ti àwọn obìnrin náà lẹ́yìn, tó ń bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba, ni Herbert Macaulay. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, àwòrán wọn wà lórí owó ₦1 àtijọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Macaulay kọ́, olóṣèlú sì ni wọ́n. Ìfẹ́ àti òṣèlú ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ amòye owó orí. Nígbà tí wọ́n kú ní 1946, àwọn obìnrin ọjà pàdánù ẹni tó ń bá wọn kàwé. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bó bá jẹ́ olóore la gbójú lé: bí olóore bá lọ, òye lọ.

Ní Abẹ́òkúta ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1918 ni owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún yẹn náà ni Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọkọ ń san tirẹ̀, ìyàwó ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọbìnrin sì ti di ẹni tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin fi kan àwọn agbowó-orí ni pé wọ́n ń bọ́ ọmọbìnrin láṣọ láti fi wo bóyá ó ti dàgbà tó. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ kà á dáadáa. Iye kan náà ni wọ́n sì ń gba lọ́wọ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ alájàpá tó ní ọmọ ọjà púpọ̀, ìbáà jẹ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ mẹ́wàá.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ títí. Gbogbo ènìyàn ló rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó síwájú Ààfin. Wọ́n rántí orin, wọ́n rántí pé Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú ní oṣù Keje ọdún 1948, wọ́n fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949, kó tó di pé wọ́n padà wá ní ìparí 1950. Wọ́n rántí pé wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni èyí tó wúlò jù fún wa lónìí: ẹgbẹ́ yẹn gba oníṣirò owó. Wọ́n sanwó fún un, wọ́n ní kó lọ yẹ ìwé ìṣirò ìjọba ìbílẹ̀ wò, kó wá sọ fún wọn ibi tí owó ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Láti inú irú òye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lè mú àbá gidi wá, pé kí wọ́n mú owó orí kúrò lórí obìnrin, kí wọ́n bù ú lé àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tó ń ṣòwò nílùú lórí. Ẹni tí kò mọ ìṣirò kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Á kàn máa pariwo pé "a ò san, a ò san" ni. Àwọn ìyá yẹn pariwo, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń pariwo.

Oníṣirò yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún. Kò tíì sí ọ́fíìsì tí ọmọ ilẹ̀ wa ti jókòó pé iṣẹ́ òun ni kí ènìyàn wọlé wá, kí òun sì bá a wo ọ̀rọ̀ ìṣirò àti owó orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkàǹtáǹtì àgbà. Ilé-iṣẹ́ Òyìnbó ńláńlá ló gba iṣẹ́ náà kan. Ẹni tó yí i padà ni Olóyè Akíntọ́lá Williams. Èkó ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1919. Bàbá wọn àgbà jẹ́ oníṣòwò pàtàkì, ọmọ Abẹ́òkúta. Àbúrò wọn ni Olóyè Rótìmí Williams, lọ́yà ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Akíntọ́lá lọ sí ìlú Òyìnbó ní 1944, wọ́n sì di àkàǹtáǹtì àgbà ní 1949. Nígbà tí wọ́n dé, ibo ni wọ́n kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́? Ẹ̀ka owó orí ìjọba ni! Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n máa díwọ̀n iye tí oníkálùkù yóò san. Ní 1952 wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n dá ọ́fíìsì tiwọn sílẹ̀ ní Èkó, Akintola Williams & Co. Òun ni ilé-iṣẹ́ àkàǹtáǹtì àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ẹni tó ti jókòó sí apá ibi tí wọ́n ti ń bu owó orí léni lórí, ó dìde, ó wá jókòó sí apá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san án. Ó mọ ohun tí wọ́n ń wò nínú ìwé, ó mọ ibi tí wọ́n ti máa ń fojú bù ú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò ń wá. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún wọn ni ìwé ìròyìn West African Pilot ti Dókítà Azikiwe, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ojukwu àti ilé-iṣẹ́ àga Fawehinmi, àwọn oníṣòwò dúdú tí kò fẹ́ kó gbogbo àṣírí ìwé wọn fún Òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àwọn àjọ ìjọba, bí iléeṣẹ́ rélùwéè, wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àkàǹtáǹtì àgbà Nàìjíríà, ICAN, sílẹ̀ ní 1965, Akíntọ́lá Williams ni ààrẹ àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1983, ilé-iṣẹ́ náà padà bá ti Òyìnbó kan pọ̀, ó di Akintola Williams Deloitte. Bàbá náà dágbére fáyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé irú ọ́fíìsì ńlá bẹ́ẹ̀ wà fún ẹlẹ́lùbọ́ àti alátà. Owó iṣẹ́ wọn ju owó ìsọ̀ wa lọ. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé ọ̀nà là. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà wá ń dá ọ́fíìsì kéékèèké sílẹ̀ káàkiri, yàrá kan, tábìlì méjì, òmíràn wà lókè ilé ìtajà ní ìgboro wa yìí. Ní 1982 ni àwọn tó gbájú mọ́ owó orí nìkan dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, nígbà tó sì di 1992, ìjọba fi òfin sọ ọ́ di Chartered Institute of Taxation of Nigeria, tí wọ́n ń pè ní CITN. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní amòye owó orí, a lè bi í pé, "Ìwé ẹ̀rí CITN rẹ dà?"

Ibí yìí ló yẹ ká dúró díẹ̀, nítorí èèyàn mẹ́ta ló máa ń wọ ọjà wa tí a máa ń pè ní "àwọn táàsì," tí a sì ń da wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Èkejì ni ẹni tí wọ́n ń pè ní kọ́nsọ́tánǹtì, tí àwọn ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kan gbé iṣẹ́ gbígba owó fún, tó sì ń gba ìdá tirẹ̀ nínú ohun tó bá gbà. Òun náà lè wọ táì, kó gbé kọ̀ǹpútà dání, kó máa pè wá ní Mummy, ṣùgbọ́n bí owó tí a san bá ṣe pọ̀ tó ni tirẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Báwo ló ṣe fẹ́ gbà wá nímọ̀ràn ká san díẹ̀? Ẹ̀kẹta ni agbaninímọ̀ràn tó dá dúró, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, tí kò sì ní ìpín nínú owó orí wa. Owó iṣẹ́ tí a jọ dá ni yóò gbà, yálà owó orí wa pọ̀ tàbí ó kéré. Ohun tí dídá dúró túmọ̀ sí nìyẹn. Òun kì í sì í ṣe babaláwo tó máa lé owó orí lọ. Bí ìṣirò bá sọ pé kí a san, yóò ní ká san.

Láti ọdún 1998 ni òfin kan ti kọ orúkọ owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, owó orí èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan bọ́ sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Òfin náà ka dídènà ojú títì láti fi gba owó orí léèwọ̀. Ọdún mélòó la fi ń sanwó fún àwọn tó ń dènà lójú títì? Òfin wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó kà á fún wa ni.

Ní báyìí òfin tuntun ti dé. Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Àjọ FIRS ti di Nigeria Revenue Service. Àwọn aláṣẹ ní nọ́ńbà NIN ni yóò dúró bíi nọ́ńbà owó orí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kàn wá jù ni pé ẹni tí owó rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tó yẹ ní yíyọ, kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún, kò ní san owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò mú. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò, kí ẹ rí iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kedere. Ká ní aláṣọ kan ta ọjà ₦9,000,000 lọ́dún. Ọjà tó rà láti fi tà jẹ́ ₦7,200,000. Owó ṣọ́ọ̀bù ₦300,000, ọkọ̀ àti alábàárù ₦240,000, iná àti ọlọ́dẹ ₦60,000. Èrè rẹ̀ ku ₦1,200,000. Ilé tó ń gbé, ₦250,000 ló ń san lọ́dún. Òfin gbà kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún owó ilé kúrò, ìyẹn ₦50,000. Ó ku ₦1,150,000. Ẹ mú ₦800,000 tí kò ní owó orí kúrò, ó ku ₦350,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦52,500.

Aláṣọ yìí kan náà, ká ní kò ní ìwé àkọsílẹ̀ kankan, ọjà tó tà nìkan ló hàn nínú báńkì rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣírò bá ka gbogbo ₦9,000,000 sí owó tó wọlé fún un. Lábẹ́ òfin yìí kan náà, ₦1,410,000 ni yóò jáde. Ìyẹn ju gbogbo èrè rẹ̀ lọ! Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì kì í ṣe ojúrere ẹnikẹ́ni. Ìwé ẹ̀tọ́ ọgọ́ta ewé àti rìsíìtì ni. Láti 2011 ni òfin sì ti fàyè gbà á pé, bí oníṣòwò kò bá ní àkọsílẹ̀, kí aláṣẹ fojú díwọ̀n, kó bu iye kan fún un. Ẹni tí wọ́n fojú díwọ̀n owó rẹ̀, ojú ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀kan nínú wa gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n ti wo bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe tóbi tó, wọ́n bu owó fún un. Wọn kò mọ̀ pé àwọn méjì ló ń lo ṣọ́ọ̀bù náà, ìlàjì ni tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ rẹ̀ kà á, abẹ́ tírè ni ìwé ọ̀hún ìbá wà, nítorí pé a kì í fẹ́ rí ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ takò iye tí wọ́n bù fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin amòye owó orí kan bá wọn kọ lẹ́tà, ó so rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù tó ní orúkọ méjì mọ́ ọn, ó fi ìwé àkọsílẹ̀ wọn sí i. Nígbà tí èsì dé, iye náà kò tó ìlàjì ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ibì kan tún wà tí à ń lọ, ìyẹn Tax Appeal Tribunal, tí òfin ọdún 2007 ṣètò rẹ̀. Àwọn òfin ọdún 2025 sì tún dá ọ́fíìsì alárinà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tax Ombud, fún ẹni tí wọ́n bá fi owó orí yọ lẹ́nu. Mélòó nínú wa ló lè dá kọ lẹ́tà sí ibẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òfin owó orí ilé-iṣẹ́ tó wà títí di ìparí 2025 yọ èrè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀ sílẹ̀, bó bá jẹ́ láti inú iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe nìkan, bí èlé tí a ń gbà lórí owó tí a yá ara wa. Bí ẹgbẹ́ bá wá ń tajà fún ará ìta, tàbí tó ń fi gbọ̀ngàn ṣe owó, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé à ń rẹ́ǹtì àga àti ìbòrí fún ẹni tó bá ń ṣe ìnáwó. A fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ka òfin tuntun, kó sọ ibi tí àga wọ̀nyẹn bọ́ sí, kí ẹlòmíràn tó wá sọ ọ́ fún wa.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi mú àbá wá, àwa akọ̀wé sì fara mọ́ ọn: kí ẹgbẹ́ gba ẹnì kan tó ní ìwé ẹ̀rí CITN, tí kò bá ìjọba kankan gba owó lọ́jà yìí. Kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ ìpàdé. Kó kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ọjà tí a rà àti èyí tí a tà. Kó bá wa fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó pé lọ́dọọdún, kó sì máa dáhùn ìwé tó bá dé. Owó orí fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Oníkálùkù yóò san án sí báńkì ìjọba, rìsíìtì yóò sì wà lọ́wọ́ ẹni tó san án. Ìyá tó bi wá léèrè níjọ́sí, ìdáhùn wa nìyí: kì í ṣe iye tí a máa san nìkan la fẹ́ kó sọ, a fẹ́ kó sọ iye tí kò tọ́ kí a san pẹ̀lú.

Ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí. Ẹni tó bá ní ìwé àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá, kó mú un dání, bó ti wù kó rí, ìbáà ṣe ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà lẹ kọ ọ́ sí. Ẹ mú rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù àti ti ilé wá, àti ìwé èyíkéyìí tó ní òǹtẹ̀ ìjọba tí ẹ kò tíì ṣí. Àwọn ìyá tí kì í kọ̀wé, kí wọ́n mú ọmọ tàbí ọmọ ọmọ tó ń bá wọn kọ ọ́ wá. Ìjókòó wà fún wọn.